Ìgbòho Kò Tíì Ní Nọ́ńbà

Dùgbẹ̀, Ìbàdàn,
Oṣù Kẹjọ, 1964.

Ìyá mi àtàtà,

Èmi Gbádégẹṣin ọmọ yín ló ń kí yín. Ẹ má gba gbogbo ohun tí àwọn onímọ́tò bá sọ gbọ́. Lóòótọ́ ni mo ṣubú láti orí òpó wáyà tẹlifóònù ní Mọ́níyà, ṣùgbọ́n dókítà ti ṣe ohun tó yẹ, mo sì ń jẹun dáadáa.

Ọ̀gá mi wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Gbádégẹṣin, ṣé kí a dá ọ padà sílé ni?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ kọ́ mi níṣẹ́ ìjókòó."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀ nìyẹn. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ìpè Èkó má baà ya Ìbàdàn. Èyí tó tẹ̀ lé e ń tọ́ka àdúgbò, àwọn tó kù á mú ìpè dé inú ilé gan-an. Bí àlejò ṣe ń bèèrè ọ̀nà nílé wa náà ni: àdúgbò ná, kó tó kan agboolé.

Lánàá, obìnrin kan láti Bódìjà ń wá ọkọ rẹ̀ ní Èkó. Mo so wọ́n pọ̀ kíá. Ó ní, "Ọwọ́ yín mà yá o!" Ọwọ́ mi méjèèjì pé, Ìyá.

Ìgbòho wa kò tíì ní nọ́ńbà. Lọ́jọ́ tó bá ní in, èmi ni yóò kọ́kọ́ pè é.

Ẹ má tíì wá wò mí. Ẹ jẹ́ kí n mọ bí a ṣe ń fi ọ̀pá rìn ná. Kẹ̀kẹ́ mi tó wà nílé, ẹ fún àbúrò mi Àyànkúnlé, kó máa gùn ún.

Ẹ bá mi kí pásítọ̀ àti gbogbo ará ilé.

Ọmọ yín,
Gbádégẹṣin.