Ẹ̀fọ́ Tí Kò Mọ Ilẹ̀

Màámi, ẹ kú ilé o. Mutmainnah yín ní Kánádà ni. Ara mi le koko.

Ẹ̀fọ́ tí à ń gbìn níbi iṣẹ́ mi níbí kò mọ ilẹ̀ rí: inú omi ló ń gbé, iná mànàmáná ni oòrùn rẹ̀. Ohun tí a bá pò sómi náà ló ń rí fà sára. Ó ń dán, àmọ́ tẹ̀tẹ̀ yín tí ẹ ń fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ bọ́ ní Ìdí Arère ló ń ṣara lóore. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré, kí n máa jẹ ẹ̀fọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí, èmi nìkan.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Gàfárù. Tí ẹ bá ń já ẹ̀fọ́ lọ́la, ẹ pè mí, kí ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí n ṣáà máa gbọ́ yín bí ẹ ṣe ń já a.