Aṣọ Funfun Tí Kò Rin: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olúfọlákẹ́ Dúrósinmí (1931–1978)

Nọ́ọ̀sì Ìsíátù Rájí, aládùúgbò ìyàwó wa ní Ìsọlọ̀, ni ó kọ́kọ́ sọ fún wa pé omi ojú rẹ̀ ni ó gbẹ, kì í ṣe ìfẹ́ tí ó ní sí ọkọ rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe kọ ìtàn yìí, kí gbogbo ẹni tí ó bá wá sin ín lè mọ̀.

Ìkìrun ni a bí Olúfọlákẹ́ sí ní ọdún 1931, ní ìdílé Abórìṣàdé. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, aláró sì ni ìyá rẹ̀. Ó kàwé dé ìwé kẹrin kí ó tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ní 1953 ó fẹ́ àbúrò wa, Àyànníyì, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Òṣòdì. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi retí ọmọ kí Ọlọ́run tó fún wọn ní Bíọ́dún. Aṣọ ilé-ìwé ni ó ń rán. Ó ń rán aṣọ akọrin ìjọ pẹ̀lú, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ní 1971 ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú láràárọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń ta á bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀. Búrẹ́dì kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ láìsí omi. Àwọn ará ilé ní Àpólò ni, àrùn ojú tí ń ràn, tí a fi orúkọ ọkọ̀ tí ó lọ sí òṣùpá pè. Wọn kò jẹ́ kí ọmọ wọn gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé:

"Ìyá Bíọ́dún, Àpólò tirẹ mà pẹ́ kó tó dé láti òṣùpá o!"

Ní 1975 Àyànníyì kú. Ní ìdílé wa, ẹ̀gbọ́n ọkọ tí ó jẹ́ obìnrin ni í fi aṣọ funfun nu omijé opó kí a tó gbé òkú jáde. Èmi, Ìyá Olúyínká, ni mo di aṣọ náà mú. Olúfọlákẹ́ ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, aṣọ kò rin. Mo gbé e sókè lójú gbogbo ènìyàn.

"Ẹ wò ó! Ṣé ọkọ ẹlòmíì ló kú ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi. Ojú ló ń dùn mí."

A kò gbọ́ tirẹ̀. A mú Bíọ́dún lọ sí Ẹdẹ, a sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò sunkún bàbá rẹ̀. Olúfọlákẹ́ kó lọ sí yàrá kan ní Ìsọlọ̀. Àga ẹ̀yìn ni ó ń jókòó sí ní ìjọ. Lọ́dọọdún ó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì kan fún Bíọ́dún, ó sì ń kó o pa mọ́ sínú àpótí rẹ̀. Ọmọ Nọ́ọ̀sì, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ Bíọ́dún, ni ó fi ń wọn gígùn ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí Nọ́ọ̀sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láti fi wọn omijé rẹ̀. Bébà náà kò rin. Dókítà ní àìsàn kan ni, tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà: ó ń ba oríkèé jẹ́, ó sì ń mú kí omi ojú àti itọ́ ẹnu gbẹ. Nọ́ọ̀sì mú bébà náà wá fún mi. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Olúfọlákẹ́.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Bíọ́dún ńkọ́?"

Mo ní ó di Kérésìmesì kí n tó mú un wá. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá Olúfọlákẹ́ kú. Àìsàn náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ó fi ọmọ kan sílẹ̀, Bíọ́dún, àti àbúrò kan, Olúbọ̀wálé. Ìyàwó wa, kí omi má ṣe gbẹ níbi tí o sùn sí.

Mo ka ìwé yìí sí Bíọ́dún létí kí a tó gbé e fún atẹ̀wé. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí àpótí ìyá rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ti ọdún yìí. Ó bá a mu. Ó kó ṣẹ́ẹ̀tì méjì yòókù sábẹ́ apá, ó jáde kúrò lọ́dọ̀ mi, kò bojú wẹ̀yìn.