Korobá Omi Yìnyín Tí Wọ́n Pè Ní Ẹbọ

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Láti ìlú òyìnbó níbi tí mo wà, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, fún Màmá, fún Ìyá Àgbà àti gbogbo ilé wa ní Ìkòrò. Bọ́sẹ̀dé, àbúrò mi, mo kí ọ. Ẹ̀yin àna wa ní Ìlórò, mo kí yín náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó Bọ́sẹ̀dé dúró nítorí mi.

Irọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́. N kò wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kankan. Gbangba ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà, láti Ìjerò títí dé Èfọ̀n, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ ìwé ìròyìn pé kí wọ́n gbé èsì mi jáde ní gbangba.

Ọmọ ìlú wa kan tó wá kí mi ló gbé e délé. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan níbi tí àwa mélòó kan ti máa ń pàdé lálẹ́, torí inú mi ń dùn pé ẹni wa kan máa rí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ó ní òun bá ènìyàn mẹ́jọ nínú òkùnkùn, wọ́n da aṣọ borí, wọ́n tan iná pupa, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n gbé korobá omi kan sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹrí ba níkọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó rí. Kò kàn béèrè ni. Òtútù ló mú wa daṣọ borí. Ìràwọ̀ là ń wò, ẹni tó bá sì tan iná funfun kò ní rí ìràwọ̀ dáadáa mọ́ títí ojú rẹ̀ á fi padà mọ òkùnkùn lára. Iná pupa kì í ṣe ojú bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti sùn, a ò fẹ́ jí wọn. Awò awọ̀nàjíjìn wa rẹlẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ojú sí i gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an wà lára àwa mẹ́jọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ti sọ wá di awo ní Èkìtì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ṣé wọ́n máa fi òun joyè báyìí.

Korobá omi ló kù, òun sì ni wọ́n pè ní ẹbọ.

Kámẹ́rà ló wà fún. CCD ni wọ́n ń pè é, kì í lo fíìmù. Ègé kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kò tóbi ju èékánná mi lọ. Ẹ rántí bí Màmá ṣe máa ń to abọ́ sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ nígbà òjò. Irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ló kún orí ègé náà, wọ́n kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sì ni òjò wọn. A ó jẹ́ kó kán sínú wọn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kọ̀ǹpútà á wá wọn ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi ya àwòrán. Ṣùgbọ́n bí ègé náà bá gbóná, abọ́ á máa kún bí ẹni pé òjò rọ̀ nígbà tí kò rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bu omi yìnyín sínú korobá, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé e lọ tu kámẹ́rà lára. Ẹbọ mi nìyẹn.

Ẹni tó kọ́ mi ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdájí la máa ń ṣí i. Ojú ọjọ́ ibí dà bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí kò gbẹ. Oṣù mẹ́rin ni mo lò tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ilé ní “ulé” bíi tiwa sí mi létí. Bàbá Jọ́ọ̀jì, mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wá ra búrẹ́dì, ló bi mí ní ìdájí ọjọ́ kan pé kí ni mo ń wò lókè. Mo ní Àgùàlà ni. Ó ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo nàka sí ìràwọ̀ náà, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó rí iyèkan.

Bàbá, ẹ ò rí ọwọ́ ọkùnrin yìí! Odidi oṣù mẹ́sàn-án ló fi lọ gíláàsì awò rẹ̀, gíláàsì lórí gíláàsì, títí ó fi jin díẹ̀ bí àwo. Ẹni àádọ́rin ọdún, tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ra ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe kámẹ́rà náà fúnra ẹni, ó jókòó tì í bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rí bí mo ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀, ó bi mí pé yunifásítì wo ni mo lọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Rábíù ni, ará Ìkìrun tó ń tún rédíò ṣe ní Àrámọkọ. Ó ní kí n bá òun kí ọ̀jọ̀gbọ́n náà.

Èmi ni mo ba iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ tan kámẹ́rà náà, Bàbá Jọ́ọ̀jì so wáyà méjì ní òdì. Mo rí i. Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lóko pé bí àgbà bá ń kọ ebè tó wọ́, ọmọ kì í sọ pé ó wọ́. Kó kọ tirẹ̀ kó tọ́, àgbà á fojú ara rẹ̀ rí i. Mo dákẹ́. Ó tan iná. Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Ègé tí a ti ń retí fún oṣù mẹ́ta ti jóná.

Ó bi mí bóyá mo rí wáyà náà. Mo ní mo rí i. Ó ní kí ló dé tí n kò sọ. Mo ní àgbà mi ni. Kò pariwo. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní bí mo bá bọ̀wọ̀ fún òun lóòótọ́, n kò ní wo òun níran kí òun fi ọwọ́ ara òun jó iṣẹ́ òun. Ó dùn mí ju ìgbátí lọ. Àwọn tí a jọ ń wo ìràwọ̀ ló bá wa wá ègé mìíràn. Nísinsìnyí, kó tó tan ohunkóhun, á kọ́kọ́ bi mí bóyá ebè òun wọ́.

Mo fi àwòrán kan tí kámẹ́rà wa yà sínú ẹ̀dà lẹ́tà yìí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ohun tó rí bí omi tó ń yí po lódò yẹn, ìràwọ̀ tí kò lóǹkà ni gbogbo rẹ̀.

Bàbá, ẹ kọ̀wé pé kí n fọwọ́ sí ìwé pé mo ti jáde nínú ẹgbẹ́ náà, kí ọkàn àwọn àna lè balẹ̀, kí ẹ̀yin náà lè gbórí sókè nínú ìjọ. Mo mọ̀ pé ojú ń tì yín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yìí, òdì ni, n kò sì ní dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí kò wọlé kò lè jáde. Bí mo bá fọwọ́ sí i, irọ́ á di òótọ́ sí wa lọ́rùn, Bọ́sẹ̀dé á sì rù ú wọ ilé ọkọ. N kò ní ṣe é, bí ẹ tilẹ̀ bínú.

Ohun tí mo lè ṣe nìyí. Mo ń bọ̀ ní Kérésì, mo sì ń gbé kámẹ́rà náà bọ̀. Kí àwọn àna yan àgbàlá tó bá wù wọ́n ní Ìlórò. Kí wọ́n pọn omi korobá náà nínú kànga tiwọn, kí wọ́n pe àlùfáà tiwọn. Bí ọyẹ́ bá gbà wá láàyè, kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Mo ti ń ka àwọn tó dúró tì mí. Bọ́sẹ̀dé kọ̀wé pé ọkọ tó bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun purọ́ kó tó fẹ́ òun, kó lọ fẹ́ irọ́ náà. Ọ̀gá Rábíù sọ fún àwọn tó wá sọ̀rọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kí wọ́n gbé rédíò wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Gààrí Màmá dé bá mi lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù. Bàbá Jọ́ọ̀jì ní òun máa bá mi wá, ó ti ń béèrè bí ẹni tí orúnkún ń dùn ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ẹni mẹ́rin. Ibẹ̀ ni mo dá kíkà dúró sí, Bàbá. N kò tíì kà yín mọ́ ọn, n kò sì yọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kí n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Oko á so, ẹsẹ̀ Màmá á fúyẹ́, Bọ́sẹ̀dé á wọlé ọkọ láìtijú. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, pàápàá àwọn tó gba ìròyìn náà gbọ́.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan yìí,

Adébáyọ̀