Ìràwọ̀ Kan fún Ọ̀bẹ Láníyì

Láníyì ọmọ mi,

Òkun o, bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú oòrùn Abuja, mo sì kí ọ kú ìfaradà Lokogoma tí wọ́n ní ilé pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bí o bá wà ní àlàáfíà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí ara rẹ kò bá yá, Ọlọ́run yóò fi ọwọ́ àánú tọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ gbé fóònù rẹ bí mo bá pè ọ́, nítorí láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń pè ọ́ tí obìnrin inú fóònù náà ń dá mi lóhùn pé o kò sí nítòsí. Mo bi í pé níbo ni o lọ, kò sọ. Mo ní kó bá mi kí ọ bí o bá dé, ó tún gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ. Mo rò pé wọn kò kọ́ obìnrin náà dáadáa nílé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, tí mo fi í rán awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Abuja láti Kábà. Mo kọ ibi tí o ń gbé sẹ́yìn àpòòwé kó lè yé e yékéyéké: Láníyì, Lokogoma, ilé tó ní géètì. Kò lè ṣìnà.

Kí n tó lọ jìnnà, ìyá wa sọ fún mi pé o ní kí n yé pe ara mi ní bàbá rẹ, pé ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jù ọ́. Láníyì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún. Èmi ni àbúrò ìkẹyìn fún bàbá tó bí ọ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ẹbí jókòó, wọ́n fi ọwọ́ rẹ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní èmi ni bàbá rẹ láti òní lọ, mo sì gbà, bẹ́ẹ̀ ni irùngbọ̀n kò tíì hù sí mi lágbọ̀n. Ta ló dúró dè ọ́ ní ìwé kẹrin títí o fi dé bá a níbẹ̀? Èmi ni. Àwọn tíṣà rò pé mò ń fìdí rẹmi ni, wọn kò mọ̀ pé ọmọ mi ni mò ń ṣọ́.

Gbogbo ilé wà dáadáa. Orókún tó ń dun ìyá wa ti fi í sílẹ̀, ó ti wá sọ́dọ̀ èmi. Kasú so lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, mo ta ọ̀kan láti fi tọ́jú èkejì. Atẹ́gùn ti ká òrùlé ilé ìwé wa lọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ àgbà ní kí a dúpẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ti wọ gbogbo kíláàsì.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. O sọ fún mi pé ìwọ àti Kenny tó ń gbé ní Jahi lẹ ń bá ara yín díje, tí kálukú ń ta ọ̀bẹ kíká tirẹ̀ tó nípọn lórí ọjà inú fóònù, pé ọ̀gá kan wà ní Maitama tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń fa wáyà iná, pé ó fẹ́ ra ọ̀bẹ fún gbogbo wọn, àti pé ìràwọ̀ tí àwọn èèyàn bá fún yín ni yóò wò kó tó yan ẹni tí yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀. O ní bí ọjà yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, wàá kó ẹrù rẹ wá sílé wá máa ṣa kasú. O bẹ̀ mí kí n gorí fóònù, kí n sọ òótọ́ nípa èyí tí o fún mi, kí n sì fún un ní ìràwọ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, n kì í parọ́ nítorí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ mi. Mo ní a ó kọ́kọ́ dán an wò.

Kí n má tàn ọ́, n kò kọ́kọ́ fẹ́ràn ọ̀bẹ náà. Ọ̀bẹ tí mo mọ̀ ni èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ, tí kì í sùn, tí kì í jí. Tìrẹ ń wọ inú èkù bí ìgbín tó rí ọmọdé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i, ó kọ̀, kò padà mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, n kò mọ̀ pé irin pẹlẹbẹ kan wà nínú èkù tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó lè ká. Mo ń gbé e kiri ní ṣíṣí fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n fi odidi ìlà kan sílẹ̀ fún èmi nìkan.

Tájù alápatà ló dá wàhálà sílẹ̀. Àna rẹ̀ tó wà ní Abuja ra ọ̀bẹ Kenny fún un, èkù rẹ̀ ń dán bíi dígí, wọ́n ya àwòrán ẹyẹ àṣá sí i lára. Iye tí wọ́n rà á tó abo ewúrẹ́ tó lóyún. Tìrẹ kò ju adìyẹ mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú wọn sì lè máa tiro. Tájù wá ń yan kiri ọjà, ó ní ọ̀bẹ ọmọ èmi Gafar, ọsàn ló lè bó, ọsàn ọ̀hún náà sì gbọ́dọ̀ ti rọ̀. Láníyì, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo ní kó gbé tirẹ̀ jáde lọ́jọ́ ọjà níwájú gbogbo ayé.

Okùn màlúù la fi bẹ̀rẹ̀. Méjèèjì gé e, n kò sì ní parọ́, ti Kenny yára jù. Tájù ti ń jó. Mo ní kó fi ijó sílẹ̀ kó gbé pọ̀nmọ́ gbígbẹ wá, èyí tó le bíi bàtà sójà. Tìrẹ là á já. Ti Kenny ń mì lọ́rùn bí eyín arúgbó. Mo ní ó dáa, kí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ méjèèjì gbá kùkùté igi, nítorí ọ̀bẹ tó bá ń ká nígbà tí a kò sọ pé kó ká, ọ̀tá ni. Tìrẹ dúró gbọnin. Ti Kenny dojú bolẹ̀. Tájù ní kì í ṣe àìlera, ó ní ìrìn àjò láti Abuja ló rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí a fi egungun ṣe ìdájọ́. Mo ní kó má ṣe é, ó ní kí n panu mọ́. Ó fi gé egungun lóòótọ́, ọ̀bẹ ká mọ́ ọn níka, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí màlúù tí a so mọ́lẹ̀ láti pa ń wò ó tàánú-tàánú. Ọ̀bẹ tìrẹ ni mo fi gé aṣọ tí a fi di ìka rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo gun òkè àpáta lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Fóònù kọ́kọ́ bi mí bóyá rọ́bọ́ọ̀tì ni mí. Mo bínú, mo ka orúkọ bàbá mi àti ti bàbá bàbá mi sí i létí. Nígbà tó yá ó fi ìràwọ̀ márùn-ún hàn mí, ó ní kí n mú iye tí mo bá fẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí ilé ìwé wa. Ìwọ lo máa ń gba ipò kìíní, wọn a pè ọ́ síwájú, wọn a pàtẹ́wọ́, wọn a fún ọ ní ìwé. Ẹni tó gba ìkarùn-ún, ta ló wẹ̀yìn wò ó? Èmi tí mo máa ń gba ìkọkànlélọ́gbọ̀n, wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ mi. Mo mọ ohun tí ọ̀kan jẹ́. Mo fún ọ̀bẹ rẹ ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Mo fún Kenny ní márùn-ún gbáko, kó lè mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Hikmah, ọmọbìnrin Ìlọrin tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ níbí, gbọ́ bí mo ṣe ń pariwo rẹ̀, ó ń sáré bọ̀ látìsàlẹ̀, ó ní bùrọ̀dá Gafar, ẹ jọ̀ọ́, márùn-ún ló ga jù. Mo bi í pé ní ilé ìwé tiwọn, ṣé ẹni tó bá gba ìkarùn-ún ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn fún? Ó ní rárá, ṣùgbọ́n. Mo ní kó gbé ṣùgbọ́n rẹ̀ jókòó. Fóònù fúnra rẹ̀ mọyì ohun tí mo ṣe, nítorí bí mo ṣe tẹ ọ̀kan báyìí, ojú kékeré kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ayọ̀, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo wá kọ gbogbo ìdánwò náà sí i, bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kọ lẹ́tà: àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù mi lókè lápá ọ̀tún, ìkíni, okùn, pọ̀nmọ́, kùkùté, egungun. Mo sì fi àbùkù rẹ̀ kún un, pé ó máa ń dógùn-ún bí a kò bá nù ún lẹ́yìn tó bá mu omi.

N kò dákẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo kéde. Lọ́jọ́ Àìkú mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹni tó ní fóònù gun àpáta, ọ̀kan fún Láníyì, márùn-ún fún Kenny. Tájù pàápàá gùn ún, ìka tí a dì yẹn ló fi tẹ márùn-ún fún Kenny, tìbínú-tìbínú.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú náà lo pè mí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́ kí n gbọ́ púpọ̀, ohun tí mo gbọ́ ni: Bàbá! Bàbá! Ẹ ti pa mí o! Ó sì gé. Láníyì, láti ọjọ́ tí ẹbí ti fi ọ́ lé mi lọ́wọ́, o kò pè mí ní bàbá rí. Mo jókòó sórí àpáta, mo sunkún. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ayọ̀ ti fẹ́ pa ọmọ mi.

Gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ní àná, ọ̀gá Maitama yẹn pè mí. Ó ní Ọlásúnkànmí lorúkọ òun, ó rí nọ́ńbà mi nínú ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Ó ní ohun kan ń rú òun lójú, pé kí ló dé tí mo yin ọ̀bẹ kan títí tí mo fún un ní ọ̀kan, tí mo sì ní èkejì gé alápatà jẹ tí mo fún un ní márùn-ún. Mo bi í pé ilé ìwé wo ló lọ, ipò wo sì ni ọmọ tó mọ̀wé jù máa ń gbà níbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bi mí pé ta ló kọ́ àwọn yòókù tó tẹ ọ̀kan, mo ní èmi ni. Ó tún rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní kí n tún ìtàn kùkùté sọ, mo tún un sọ, mo sì rán an létí pé ó ń dógùn-ún. Ó ní ọ̀bẹ tí bàbá ẹni tó ń tà á lè ka àbùkù rẹ̀ báyìí, òun ni òun fẹ́, pé òun yóò wá bá ọ ní Lokogoma lọ́jọ́ Ajé láti rà á fún gbogbo òṣìṣẹ́ òun. Mo júwe ilé rẹ fún un: ilé tó ní géètì. Nítorí náà wẹ̀, wọ aṣọ gidi, má jẹ́ kó bá ọ lẹ́nu ẹkún ayọ̀. Fi òróró díẹ̀ kún ọ̀bẹ fún un. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, má bá a rín in, ara ọkùnrin náà kò yá.

Ó bẹ̀ mí kí n sọ fún àwọn ará ìlú pé ó tó. Mo ní ó ti pẹ́ jù, abúlé kejì ti gbọ́, wọ́n ti ń gun àpáta tiwọn.

Wàyí o, fi owó dátà ránṣẹ́, nítorí àwọn tó gun àpáta ń wo ojú mi. Fi owó oògùn orókún kún un, nítorí àpáta. Fi ọ̀bẹ kan ránṣẹ́ sí Tájù, ó ti ronú pìwà dà. Hikmah fẹ́ fi gbólóhùn kan kún ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ní ìwé ti kún.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Ìka rẹ kò ní bọ́ sẹ́nu ọ̀bẹ. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń díwọ̀n ènìyàn, ìràwọ̀ kan ni wọn yóò fún ọ. Aya tí ìwọ yóò fẹ́, ìràwọ̀ kan. Ilé tí ìwọ yóò kọ́, ìràwọ̀ kan. Àwọn ọ̀tá rẹ ni yóò máa gba márùn-ún títí ayé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, gẹ́gẹ́ bí ìwọ fúnra rẹ ti fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́,

Gafar