Eegun Ẹja Létí Àwo

Ojúlé Kẹtàlá,
Adúgbò Battala,
Serampore.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, ọdún 1991.

Mithu, àbúrò mi àtàtà,

Báwo ni ara? Báwo ni gbogbo nǹkan lọ́hùn-ún ní Jalpaiguri? Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà òtútù ti lọ pátápátá? Àwọn ọmọ iléèwé rẹ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì sọ ẹ́ di arúgbó? Níbí, ooru mú débi pé inú abọ́ ìfọṣọ ni ológbò wa ń sùn. Máńgòrò ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, Bubai ọmọ mi sì ti jẹ èyí tí kò pọ́n títí inú fi run ún. Ara Ìyá Àgbà le. Ojú wọn nìkan ni kò ríran mọ́, ẹnu wọn kò tíì rẹ̀ wọ́n. Ara Màmá rẹ náà yá. Mo ń kí ọ títí báyìí nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání wúwo, mo sì ń wá ibi tí n óò sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Jọ̀ọ́, má ka lẹ́tà yìí láàárín àwọn ọmọ iléèwé. Wọ yàrá rẹ, jókòó, kí o mu omi díẹ̀.

O mọ̀ mí. Láti kékeré ni ẹ ti ń pè mí ní Tuki alátojúbọ̀, èmi tí n kì í rí ìkòkò kí n má ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Àtojúbọ̀ yẹn náà ló gbé mi dé ibi tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má sì fi bá mi wí mọ́ láéláé.

Ìyá Partha, aládùúgbò wa, ló ń lọ kí ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó. Ó fẹ́ kó ẹ̀bùn ilẹ̀ wa dání fún àwọn àna rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun ra aṣọ sari méjì ní Shantipur, kí n wá ra ère amọ̀ ní Krishnanagar, àwọn kéékèèké tó jọ èèyàn gan-an yẹn. Bàbá Bubai ní òun ò lọ síbì kankan nínú ooru yìí. Mo dárúkọ sarbhaja, orí wàrà díndín tó dùn yẹn, ó ti wọ bàtà kí n tó dákẹ́.

Ní Shantipur, aláṣọ tú ọgbọ̀n sari sílẹ̀ fún mi. Mo ń bi í pé ta ló hun eléyìí, ọmọ ọdún mélòó ni, ṣé ọwọ́ òsì ló ń lò ni tí ìlà etí aṣọ fi tẹ̀ síbí. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìyá, ẹ rọra o, ahunṣọ náà ti níyàwó." Bàbá Bubai fi ìyẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí a fi dé Krishnanagar.

Ṣùgbọ́n èmi náà rí tirẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ní Ghurni, àdúgbò àwọn alère amọ̀ níbẹ̀, a wọ ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nityagopal Pal. Ère tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló kún ibẹ̀ dẹ́nu: ẹlẹ́ja tó jókòó ti ọ̀bẹ ńlá rẹ̀, ọkùnrin apínlẹ́tà tó ń nu òógùn, arúgbó tó ń wá ìgò ojú rẹ̀ tó sì gbé e sórí. Mo ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń yí ìdí wọn sókè wò. Mo ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń lẹ irun mọ́ wọn, amọ̀ odò wo ni, ta ló ń kun ojú. Àwo àkàrà wàrà dídùn, sandesh, kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́jà náà. Bàbá Bubai rò pé ti àlejò ni, ó mú ọ̀kan, ó gé e jẹ. Amọ̀ ni! Nityagopal kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹnì kẹta lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀gá. Ẹ ti ra ìyẹn nù un."

Ẹ̀rín yẹn ni mo ṣì ń rín tí mo fi rí i. Ó wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀, lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ọkùnrin kan jókòó lórí ẹní níwájú àwo oúnjẹ. Kò wọ ẹ̀wù, òwú mímọ́ àwọn Brahmin gba èjìká rẹ̀ kọjá, kọ́kọ́rọ́ kan sì so mọ́ òwú náà. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan, ìdajì àwọn bàbá wa ló ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ òwú wọn. Àwo iwájú rẹ̀ ni mo wò tí mo fi gbé e súnmọ́ ojú. Eegun ẹja wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú, ó sì tò wọ́n yí etí àwo ká lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ṣóńṣó wọn kọjú síta.

Mithu, ta ni a mọ̀ láyé yìí tó ń to eegun ẹja bẹ́ẹ̀? Ta ni èmi àti ìwọ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná, tí a ń sọ pé wọ́n ń ṣọgbà yí ìrẹsì wọn ká?

Mo mọ̀ pé àyà rẹ ti ń já. Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá rẹ wà láàyè. Mo fi ojú ara mi rí wọn, mo sì bá wọn sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n sọ ìyẹn tán ná kí n tó máa bá ìtàn mi lọ.

Mo bi Nityagopal pé ta nìyí. Ó ní èèyàn ni. Mo ní mo rí i pé èèyàn ni, èèyàn wo?

"Ìyá, ṣé ère lẹ wá rà ni, àbí ọlọ́pàá ló rán yín?"

Mo ní kó má bínú, pé ojú ọkùnrin yìí jọ ojú ọkọ àǹtí mi. Ó wá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Àwa níbí, a kì í mọ ojú tí a ò rí rí. Gbogbo àwọn tó wà lórí pẹpẹ yìí ló ń rìn kiri ìlú. Ẹlẹ́ja yẹn bú mi lánàá. Eléyìí tẹ́ ẹ mú dání, àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Òjò ló lé wọn wọlé wa lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. A ní kí wọ́n dúró kó dá. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀."

"Níbo ni wọ́n wà báyìí?"

"Òní mà ni Sátidé. Wọ́n lọ ra ẹja."

A jókòó dè wọ́n. Bàbá Bubai kàn ń yí sandesh amọ̀ rẹ̀ kiri lọ́wọ́. Ó ṣe tán, òun ló jẹ orí ẹja lọ́jọ́ tí Bàbá rẹ kúrò nílé. O kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà yẹn, n kò sì mọ ohun tí wọ́n sọ fún ọ, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdún tí mo ṣègbéyàwó ni. Ọjọ́ Jamai Shoshthi pé, tí ìyá ìyàwó máa ń bọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀. Ìyá Àgbà, tí wọ́n dúró bí ìyá fún mi, fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọkọ mi, wọ́n so òwú mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n súre fún un, wọ́n gbé orí ẹja tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọkọ ọmọ síwájú rẹ̀. Bàbá rẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Àwọn ni wọ́n jí lọ sọ́jà lọ ra ẹja ọ̀hún. Ìrù ni Ìyá Àgbà bù fún wọn, bí wọ́n ṣe ń bù ú fún àwa ọmọ ilé. Kì í ṣe ìkà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bàbá rẹ ti bá wa gbé nínú ilé àna wọn. Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé gbogbo wa gbàgbé pé ọkọ ọmọ làwọn náà. Wọ́n jẹ ìrù ẹja wọn tán, wọ́n to eegun yí àwo ká, wọ́n fọwọ́, wọ́n mú agbòjò. A rò pé wọ́n fẹ́ lọ ra ewé paan jíjẹ lójúde ni, wọn kò padà wá mọ́.

Bí a ṣe jókòó ní Ghurni, Bàbá rẹ yọ lókèèrè pẹ̀lú báàgì ẹja lọ́wọ́. Wọ́n wò mí títí.

"Tuki? O mà ti sanra o."

Ọ̀rọ̀ ọdún méjìlá ló wà nínú mi, ẹkún nìkan ló jáde. Mo kúnlẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn. Bàbá Bubai dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó di ẹsẹ̀ wọn méjèèjì mú. Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo jẹ orí ẹja náà."

"Ọmọ mi, kí lo mọ̀ nínú ẹ̀? Ṣé ó tilẹ̀ dùn?"

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù, Bàbá."

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Nityagopal ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ wọ́n, òun ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí.

N kò lè ṣe kí n má bèèrè. Mo ní, ṣé torí orí ẹja lásán ni? Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n ní, "Mo jókòó, mo ń retí. Mo ní láìpẹ́ ẹnì kan á rẹ́rìn-ín, á ní, áà, a ti gbàgbé tiyín. Kò sẹ́ni tó rí i, Tuki. Ká ní Ìyá Àgbà bú mi ni, ǹ bá dúró. Ẹni téèyàn rí lèèyàn ń bú."

Ìyẹn dùn mí wọ egungun, torí pé èmi náà wà níbẹ̀, n kò sì rí i. Ṣùgbọ́n mo bínú pẹ̀lú. Mo ní, "Ẹ wá fi ìyàwó yín sílẹ̀, kò ṣe opó, kò ṣe abilékọ!" Wọ́n tẹrí ba. Wọ́n ní ìbínú ni ọdún kìíní, pé gbogbo ọdún tó kù, ìtìjú ni.

Mo wá sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún wọn. Mo ní ọdún méjìlá tí àṣà wa fi ń ka ẹni tó sọnù sí òkú yóò pé lóṣù tó ń bọ̀, àlùfáà sì ti mú ọjọ́. Wọn óò fi koríko hun àwòrán wọn, wọn óò sun ún bí òkú, wọn óò fọ́ ẹ̀gbà ìkarahun funfun ọwọ́ Màmá rẹ, wọn óò nu ìlà pupa abilékọ kúrò láàárín irun wọn. Bàbá rẹ ní àwọn mọ̀, àwọn náà ń ka ọjọ́. Wọ́n bèèrè pé ta ni yóò dáná sí i. Mo ní ìwọ ni, pé ìdáhùn rẹ nìkan ni ẹbí ń retí. Báàgì ẹja já bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo bẹ̀ wọ́n kí á jọ wọ rélùwéè padà lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n kọ̀. "Ọkọ ọmọ kì í dédé yà sílé àna ẹ̀ nígbà tí Jamai Shoshthi bá ń bọ̀. Wọ́n ń ránṣẹ́ pè é ni. Bí wọ́n bá fẹ́ sun mí, kí wọ́n sun mí. Bí wọ́n bá fẹ́ bọ́ mi, kí wọ́n pè mí." Ohùn wọn le, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mú báàgì ẹja nílẹ̀.

Mo ra ère náà, mo gbé e lọ sílé ńlá lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo kàn gbé e lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ wá orí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá òwú, wọ́n rí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n dé àwo. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí etí rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀, eegun kan, eegun kejì, títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ń fún ọkọ ọmọ mi ní ẹja eléegun báyìí?" Ìgbà náà ni wọ́n bú sẹ́kún bí ọmọdé. Mithu, láti ọdún méjìlá yìí ni Ìyá Àgbà ti mọ ohun tó lé Bàbá rẹ lọ. Wọ́n ní orí ẹja ò tíì wọ ọ̀fun àwọn láti ọjọ́ náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ní kí n mú bírò. Wọ́n pe ọ̀rọ̀, mo kọ ọ́: "Ọkọ ọmọ mi àgbà, mo pè yín." Wọ́n tẹ ìka wọn sísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àlùfáà dé lánàá láti sọ iye koríko tí a óò rà, Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ o. N kì í sun ẹni tó ń bọ̀ wá jẹun."

Bàbá rẹ kò tíì fèsì. N kò lè fi dá ọ lójú pé wọn óò wá. Ṣùgbọ́n èmi ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ̀ ọ́, má kọ "bẹ́ẹ̀ ni" ránṣẹ́ sí àlùfáà. Wálé kí ọjọ́ náà tó pé. Bí inú bá ń bí ọ sí Bàbá rẹ, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Gbé ìbínú náà dání wá, ká jọ gbé e sórí ẹní.

Bá mi kí olórí iléèwé yín, kí o sì kí obìnrin tó ń ṣe ilé fún ọ, sọ fún un pé tíì tó kó ránṣẹ́ dára. Bubai kí ọ. Bàbá rẹ̀ náà kí ọ, ó ní òun ò ní jẹ ju ìrù lọ lọ́dún yìí.

Ó ku ohun kan. Gbogbo ìgbà tí mo ń ròyìn, Màmá rẹ ń ṣa ìrẹsì lọ, wọn kò gbójú sókè. Mo rò pé wọn ò gbọ́. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bi mí pé ṣé ó ti hewú. Mo ní gbogbo orí Bàbá rẹ ti funfun. Màmá rẹ fọwọ́ kan irun tiwọn, wọ́n ní, "Ó dáa. A jọ hù ú náà nù un."

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́,

Tuki