Sípíríǹgì Tí Mo Fi Ta Ọkọ Mi Lọ́rẹ

Auntie Adùnọlá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú gbogbo wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Thamesmead nílùú òyìnbó ni mò ń gbé, iṣẹ́ care, ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni mò ń ṣe.

Ọmọ ọdẹ ni ọkọ mi. Ó ní ìbọn afẹ́fẹ́ kan tó máa ń gbé lọ sí ẹgbẹ́ ayìnbọn lódìkejì odò. Ojoojúmọ́ ló ń ráhùn: “Ìbọn bàbá mi ń pa ìgalà. Eléyìí ò lè pa ológoṣẹ́!” Nígbà tó pé àádọ́ta ọdún, mo bá a ra sípíríǹgì tó le ju èyí tó ń ti ọta jáde nínú ìbọn náà lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó fi sínú ìbọn náà, ló bá ń sun ìjálá ní pálọ̀.

Àfi ìgbà tí mo ka òfin lórí fóònù. Agbára irú ìbọn yẹn ò gbọdọ̀ kọjá méjìlá lórí ìwọ̀n tí ìjọba ń lò. Tó bá kọjá, tí èèyàn ò sì ní láísẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni. Ẹgbẹ́ wọn sì fẹ́ wọn agbára gbogbo ìbọn ní Sátidé yìí!

Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó yọ ọ́. Ó ní, “Èmi? Kí n yọ ẹ̀bùn ìyàwó mi? Kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ọdẹ dé!” Láàárọ̀ Sátidé, ó máa gbé e wọ ferry tó ń sọdá odò ní Woolwich.

Auntie, ṣé kí n gbé ìbọn náà pamọ́ ni? Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lẹ rí sí i?

Ọkọ mi máa ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò nínú mọ́tò. Daddy, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́, èmi ni. Ẹ yọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀wọ̀n ni mo rà fún ọjọ́ ìbí yín.