Yàrá Tí Ẹ Kọ́ Sẹ́bàá Kánáàlì

Dádì mi, ẹni tí mi ò lè fi fóònù pè mọ́,

Ẹ kú ìsinmi. Àlàáfíà la wà. Mọ́mì ti padà sí Ìjẹ̀bú, ọ̀dọ̀ àbúrò wọn ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní atẹ́gùn ibẹ̀ tu àwọn lára ju ti Ajégúnlẹ̀ lọ. Ilé yín ṣì wà ní ìdúró, àmọ́ kò gùn tó bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ó ṣeé ṣe kí Bọ̀dá Fẹ́mi, ẹ̀gbọ́n mi, ti sọ tirẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

Ẹ ò bá mi níbi iṣẹ́ tí mo wà báyìí. Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ni, ní Àpápá GRA, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tó ní igi máńgòrò níwájú. Máàpù là ń ṣe níbẹ̀. Dúróònù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fò bí ẹyẹ, á ya fọ́tò àdúgbò láti òkè. Wọ́n á gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà mi, èmi á wá fi máòsì fa ìlà yí ilé kọ̀ọ̀kan ká, láti igun dé igun. Bí máàpù àtijọ́ bá ti wà nílẹ̀, n kì í tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe ni màá máa ṣe. Igun tó bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, màá fà á padà. Ilé tí wọ́n bá ti wó, màá pa á rẹ́. Bí ìlà ilé méjì bá wọnú ara wọn, màá yà wọ́n. Iṣẹ́ yẹn kì í rọrùn ní Ajégúnlẹ̀, torí ògiri ẹnì kan náà ni ògiri aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an fi ògiri Bàbá Sàámú ṣe ògiri ilé ìdáná yín, bí ẹ bá rántí.

Iṣẹ́ kánáàlì tó gba ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n gbé wá fún wa. Wọ́n fẹ́ mú un fẹ̀ sí i kí omi yé wọlé àwọn èèyàn. Àwọn ẹnjiníà ti fi ìlà pupa fa ibi tí etí omi tuntun máa dé sórí máàpù àtijọ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ wa ni pé ká tún máàpù náà ṣe kó bá ohun tó wà nílẹ̀ lónìí mu, kí wọ́n lè mọ ilé tí ọ̀rọ̀ máa kàn. Màdáámú, ọ̀gá wa, pín àdúgbò náà láàárín wa. Ibi tó bọ́ sí ọwọ́ mi ni àdúgbò wa wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo dé orí òrùlé yín nínú fọ́tò náà. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, àyàfi apá ọ̀tún tí ẹ pààrọ̀, èyí ṣì ń dán díẹ̀. Àwọn táyà tí ẹ gbé lé e kí ìjì má baà ká a lọ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n rí roboto bíi bọ́tìnì ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n lórí máàpù àtijọ́, ibi tí ẹni tó yà á dúró sí ni ibi tí ilé náà parí sí kí ẹ tó kọ́ yàrá ẹ̀yìn méjèèjì, ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ẹ ò bá lọ wa kíréènì ní wọ́ọ̀fù, kò sí níbẹ̀. Ohun tí máàpù ń sọ ni pé ilẹ̀ òfìfo ló wà lẹ́yìn ilé wa. Ìlà pupa àwọn ẹnjiníà sì gba ilẹ̀ òfìfo yẹn kọjá.

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń da ìyẹ̀fun pákó síbi tí omi wà, tí ẹ máa ń da iyanrìn lé e, tí ẹ ó máa fi bàtà iṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ẹ ó máa súfèé orin ìjọ. Ẹ kì í jókòó lórí àga kankan láìkọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, àní àga ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Ilẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó dá yín lójú? Àbí ẹ mọ̀ pé ti omi ni, ẹ kàn rò pé omi ò ní wá béèrè ohun rẹ̀ lójú ayé yín?

Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo kúrò ní Olódì níbi tí mo háyà ilé sí, mo lọ bá Bọ̀dá Fẹ́mi. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ló ń gbé inú ilé náà. Mo bá a tó ń tú fáànù lórí tábìlì. Mo ṣàlàyé fún un.

Ó ní, “Bó ṣe wà lórí máàpù àtijọ́ yẹn, ilé wa ò kan ìlà?”

“Kò kàn án. Ṣùgbọ́n tí mo bá yà á bó ṣe rí lónìí, gbogbo ẹ̀yìn ilé ló máa wọ inú rẹ̀.”

“Ṣebí ọwọ́ ẹ ni máòsì wà? Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ta ló máa mọ̀?”

“Bọ̀dá mi, wọ́n á dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì bá a níbẹ̀.”

“Ọjọ́ tí wọ́n bá dé, à ń dúró dè wọ́n.” Ó gbé skúrúdíráfà sílẹ̀, ó wá wò mí lójú. “Dádì ló kọ́ yàrá yẹn. Ìwọ lo wá fẹ́ wó o fún wọn?”

Mama Efe wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ rántí wọn, ìyá Urhobo tó ń ránṣọ, tí ẹ fún ní yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun pátápátá nígbà tí ọkọ wọn kú. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “My pikin,” wọ́n ní, “if my room no dey inside map, wetin dem go write for where I dey sleep? Bush?”

Mo dìde, mo ní kí n máa lọ. Bọ̀dá tún gbé skúrúdíráfà rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Màdáámú. Mo sọ fún wọn pé ilé bàbá mi wà nínú iṣẹ́ mi, kí wọ́n gbé apá ibẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo rò pé inú wọn á dùn pé mo tètè sọ. Wọ́n kàn ń wò mí lókè awò ojú wọn.

“Ta ló mọ ẹ̀yìnkùlé yẹn jù ẹ́ lọ nínú ọ́fíìsì yìí?”

“Kò sí, mà.”

“Lọ yà á bó ṣe rí. Tó o bá ṣe tán, èmi fúnra mi á yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́nikẹ́ni má baà sọ pé o gbè sẹ́yìn ẹnì kan.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yà á. Mo tẹ ilé náà, àwọn igun rẹ̀ yọ bí àmì tóótòòtó. Mo mú igun ẹ̀yìn méjèèjì, mo fà wọ́n lọ síhà omi, mo wá fi igun mìíràn kún un níbi tí balùwẹ̀ ti yọ síta. Òjìji igi bo ògiri yàrá Mama Efe lápá kan nínú fọ́tò, mi ò rí ibi tó parí sí, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ni mo máa ń jókòó sí kàwé nígbà tí oòrùn bá mú. Mo jẹ́ kí ìlà wa àti ìlà Bàbá Sàámú lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Mo tọ́jú iṣẹ́ náà pamọ́. Kò pẹ́ ju kéèyàn bó ọsàn kan lọ. Ilé Bàbá Sàámú ni mo mú ṣe tẹ̀ lé e. Àwọn náà ti kọ́ nǹkan sẹ́yìn. Gbogbo òpópónà wa, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tí kò kọ́ nǹkan sẹ́yìn.

Bọ̀dá Fẹ́mi ò gbé fóònù mi mọ́ láti ìgbà tí mo ti sọ fún un pé mo ti yà á. Ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin láàárín ìgbà náà. Ẹnu aládùúgbò ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìyàsímímọ́. Wọ́n ní etí yín ló gbé wáyé. Inú ṣọ́ọ̀ṣì tèmi ní Olódì ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń kọrin.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pe gbogbo àdúgbò sí ìpàdé nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n fi máàpù náà kọ́ ara ògiri. Àwọn èèyàn rọ́ lọ síbẹ̀, oníkálukú ń fi ìka wá ilé rẹ̀, wọ́n ń pariwo bí ìgbà téèyàn rí ara rẹ̀ nínú fọ́tò. Mama Efe wá yàrá wọn títí tí wọ́n fi rí i, wọ́n wá dúró tì í, wọn ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Bọ̀dá wà lẹ́yìn pátápátá, ó ká apá mọ́ àyà.

Ẹnjiníà tó bá wa sọ̀rọ̀ ò fi àkókò ṣòfò rárá. Ó ní, “Nígbà tá a fa ìlà àkọ́kọ́, a rò pé kò sẹ́ni tó ń gbé lẹ́yìn àwọn ilé yìí. Máàpù tuntun ti fi hàn wá pé èèyàn ló kún ibẹ̀. A ò lè gba ibẹ̀ kọjá bá a ṣe fẹ́.” Ó nawọ́ sí òdìkejì omi, níbi pápá tí wọ́n máa ń to kọ̀ńténà sí tẹ́lẹ̀, tó ti di igbó báyìí. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà lọ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán ló wá sọ pé kánáàlì yà díẹ̀ síhà ilé kan, wọn ò sì lè yẹra fún ẹ̀yìn ilé náà. Ilé yín ni. Ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ló máa lọ.

Bàbá Sàámú dì mọ́ mi nígbà tí ìpàdé tú. Ilé tiwọn bọ́ nínú rẹ̀. Mo kí wọn kú oríire.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí katapílà máa dé. Ìgbà tí mo dé ilé, Bọ̀dá Fẹ́mi ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ ìránṣọ Mama Efe wà léjìká rẹ̀. Mi ò tíì rí i láti ìgbà ìpàdé.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá mi. Ibo ni Mama Efe máa wá kó lọ?”

“Pálọ̀ Dádì ni.” Kò dúró. “Kò síbi tí wọ́n ń lọ. Di ẹsẹ̀ tábìlì yẹn mú, jẹ́ ká gbé e wọlé.”

A jọ gbé tábìlì náà. A kó àga yín lọ sí yàrá àwọn ọmọ, a fi bẹ́ẹ̀dì Mama Efe síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, a jáde lọ wo katapílà. Síméǹtì yín lágbára, Dádì. Ògiri náà ò wó nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbá a, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ náà sì padà sẹ́yìn, ó sọ ohun kan fún ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wó tán ni mo tó rí i pé ó di ọwọ́ mi mú. Ṣé ẹ̀yin náà ì bá dúró wò ó? Àbí ẹ ì bá jáde lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ sì dé nígbà tí ó ti parí?

Èmi náà ni wọ́n ní kí n tún máàpù ṣe lẹ́yìn tí dúróònù ti tún fò kọjá. Mo gé ẹ̀yìn ilé náà kúrò, mo pa igun balùwẹ̀ rẹ́. Òjò ọdún yìí ti rọ̀ gan-an. Omi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kò wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀dá Fẹ́mi wá sí ọ́fíìsì wa. Iṣẹ́ kan ló gbé e dé Àpápá, ó ní kí òun kàn yọjú. Ó dúró lẹ́yìn àga mi, mo fi ilé wa hàn án lórí kọ̀ǹpútà, mo fi ti Bàbá Sàámú hàn án, mo fi ibi tí kánáàlì gbà báyìí hàn án. Ó wá ní, “Dádì ńkọ́? Ibo ni wọ́n wà lórí ẹ̀?”

Mo fa máàpù náà lọ títí tí a fi dé ìtẹ́ òkú tí a sin yín sí. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, ìlà kan ṣoṣo ló yí i ká, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Sàréè kéré jù fún irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó wá fi ìka lé ojú kọ̀ǹpútà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ó ní, “Ibí ni.”

Ibẹ̀ kọ́, Dádì. Apá kejì ni ẹ wà, ìdí ògiri tó jìnnà sí ọ̀nà. Ó fi ìka rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mi ò sọ fún un.

Ẹ sùn ire. Ìfẹ́ yín ò tíì yẹ̀ lọ́kàn mi.

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín.